Ẹni Mọ Inú Rò Ní Í Mọ Ọpẹ́ Dá: Ohun Tí Àdánù Oko Lè Fi Kọ́ Ìdílé Àgbẹ̀

  Nínú ìwé ìròyìn yìí, a máa ń sọ̀rọ̀ nípa irúgbìn, ajílẹ̀ àti ọjà. Lọ́tẹ̀ yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ohun kan tí a kò lè rà lọ́jà, ṣùgbọ́n tí ó lè mú kí ìdílé kan fìdí múlẹ̀ tàbí kí ó di ẹrù rẹ̀ padà sílé. Ohun náà ni ojú tí a fi ń wo àdánù.

Kò sí ọdún tí a kì í rí ìdílé tí ó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ lẹ́yìn ìkórè. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè, wọn á ní òjò ni ó dá, tàbí pé iṣu ni ó rà, tàbí pé ilẹ̀ yìí kò fẹ́ wọn. Àwọn mìíràn kò lọ, ṣùgbọ́n ìbínú ti gba ilé wọn kan. Ọkọ kò bá aya sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́, ọmọ ń wí pé ìgboro ni òun ń lọ, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ohun tí ó ba oko jẹ́ gan-an. Bí ọdún mìíràn bá dé, wọn á tún gbin ohun kan náà ní àkókò kan náà, àdánù kan náà á sì tún bá wọn níbẹ̀. Àdánù méjì ni irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ṣe: wọ́n pàdánù irè oko, wọ́n sì pàdánù ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni mọ inú rò ní í mọ ọpẹ́ dá. Ẹ kíyè sí bí wọ́n ti to ọ̀rọ̀ náà. Inú rírò ni ó ṣáájú, ọpẹ́ ni ó tẹ̀lé e. Ẹni tí kò bá jókòó ro bí ọdún ti lọ, kò lè mọ ohun tí ó kù fún un, kò sì lè mọ ẹni tí ó ràn án lọ́wọ́.

ỌPẸ́ KÌ Í ṢE ÌKÁWỌ́GBERA

Àwọn kan rò pé ẹni tí ó bá ń dúpẹ́ lẹ́yìn àdánù ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ń fi ọpẹ́ ṣe àwáwí. Wọn á ní, “Ọlọ́run ló mọ̀,” wọn á sì fi àká tí ó ń jò sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ọdún mìíràn. A kò sọ ti èyíkéyìí nínú méjèèjì. Bí eku bá jẹ èbù, eku jẹ ẹ́ ni. A kò ní kí ẹnikẹ́ni pe òfo ní èrè.

A kò sì ní kí a lọ bá ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ rẹ̀, kí a máa wí fún un pé ẹ̀kọ́ ni. Ọ̀fọ̀ yàtọ̀ sí àdánù. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ìkẹ́dùn, oúnjẹ gbígbóná, àti ọwọ́ tí yóò bá a roko ni ó yẹ kí a gbé lọ bá a.

Ọpẹ́ tí àwa ń wí ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Èkíní ni pé kí a ka ohun tí ó ṣẹ́kù, kí a má ṣe máa ka ohun tí ó lọ nìkan. Èkejì ni pé kí a wá ibi tí a ti kọsẹ̀. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀kẹta ni pé kí a mọ àwọn tí ó gbé wa ró, kí a sì fi ọwọ́ wa san oore wọn. Ìdílé tí ó bá ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lọ́dọọdún, ọgbọ́n rẹ̀ á máa pọ̀ sí i, àní ní ọdún tí irè kò pọ̀.

OJÚ ỌJỌ́ IBÍ KÌ Í ṢE TI ILÉ

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àdánù tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ bá àgbẹ̀ tí ó ti ilẹ̀ igbó wá sí ilẹ̀ ọ̀dàn. Ní ilé, àgbàdo méjì ni a máa ń gbìn lọ́dún. A ó gbin ti àkọ́kọ́ ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin, a ó sì gbin èkejì nígbà tí òjò bá padà ní ìparí oṣù kẹjọ tàbí ní oṣù kẹsàn-án. Àgbẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé agbègbè bí Mokwa tàbí Bida á fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Á gbin àgbàdo kejì ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, á hù dáadáa, inú rẹ̀ á sì dùn. Nígbà tí oṣù kẹwàá bá dé ìdajì, òjò á ká sẹ́yìn. Àgbàdo tí ó yá jù fẹ́rẹ̀ẹ́ gba 90 ọjọ́ kí ó tó gbó. Eléyìí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ. Yóò gbẹ lórí ìdúró, láìní ọmọ nínú.

Kí ni ó fà á? Afẹ́fẹ́ méjì ni ó ń pín ọdún mọ́ra wọn lọ́wọ́ ní ilẹ̀ wa. Ọ̀kan ń ti orí òkun bọ̀, ó sì ru omi. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀, gbígbẹ ni, òun ni a ń pè ní ọyẹ́. Bí ọdún bá ti ń lọ, afẹ́fẹ́ olómi á máa ti èkejì sẹ́yìn lọ sí òkè àríwá títí di oṣù kẹjọ. Lẹ́yìn náà, yóò tún padà sí gúúsù. Ní ìhà gúúsù, òjò máa ń pọ̀ ní àlọ rẹ̀, yóò dẹwọ́ díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, yóò sì tún pọ̀ ní àbọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀nà òkè, àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ sún mọ́ra wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di òjò kan ṣoṣo. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin tàbí oṣù karùn-ún, á sì parí ní oṣù kẹwàá. Nítorí náà, ilẹ̀ kò bá àgbẹ̀ náà jà. Kàlẹ́ńdà ilé ni ó gbé wá sí oko àjò.

Ẹni tí ó bá lóye èyí á rí i pé ohun tí ó dà bí àìní ní ọrọ̀ tirẹ̀ nínú. Oòrùn ọ̀dàn pọ̀, ọkà bàbà sì ń ṣe dáadáa níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iṣu pẹ̀lú. Ẹ̀wà tí a bá gbìn ní oṣù kẹjọ á gbó nígbà tí òjò ń tán lọ, nítorí náà pòpórò rẹ̀ á gbẹ láìjẹrà, èyí tí ó ṣòro láti rí nínú ilẹ̀ tí òjò kì í dá. Ọyẹ́ tí ó ń la ètè wa ni ó ń gbẹ ọkà wa lọ́fẹ̀ẹ́. Igi ẹ̀mí àti igi igbá tí ẹnikẹ́ni kò gbìn wà nínú oko, òrí àti irú ni àwọn ìyá ilé sì ń rí níbẹ̀. Ìdílé mélòó ni ó jẹ́ pé owó irú àti òrí ni ó fi ra irúgbìn lẹ́yìn ọdún tí àgbàdo kú? Ẹ kà á mọ́ ohun tí ó ṣẹ́kù.

OHUN TÍ MOKWA KỌ́ ÀWỌN ALÁGBÁRA

Kì í ṣe tálákà nìkan ni oko máa ń já sí lójú. Ní ọdún 1949, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ oko ńlá kan ní Mokwa, níbi tí wọ́n ti fẹ́ kó àwọn àgbẹ̀ jọ láti gbin ẹ̀pà àti ọkà bàbà pẹ̀lú ẹ̀rọ. Katakata dé, owó dé, àwọn ọ̀mọ̀wé sì dé. Ní ọdún 1954, wọ́n pa iṣẹ́ náà tì.

Lára ohun tí ó dá wọn dúró ni ohun tí àgbẹ̀ ọlọ́kọ́ èyíkéyìí lè sọ fún wọn. Katakata lè la ilẹ̀ púpọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ni ó ń ro ó. Ilẹ̀ tí ẹ̀rọ là ju èyí tí ọwọ́ ìdílé lè ro lọ, koríko sì borí irúgbìn. Owó tí wọ́n fi ń fa igi tu pẹ̀lú ẹ̀rọ kò sì bá èrè tí ilẹ̀ náà lè mú wá dọ́gba.

Ohun tí ó yẹ kí a yìn ni pé wọn kò bo àdánù náà mọ́lẹ̀. K. D. S. Baldwin kọ ìwé odidi kan lórí rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1957. Ní ọdún 1959, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò ibùdó àgbẹ̀ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ Mokwa ti wà nílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́. Ètò ti ọdún 1959 náà ní ìṣòro tirẹ̀. Owó tí wọ́n ná lórí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan pọ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì fi oko sílẹ̀ nígbà tí wọn kò tètè rí èrè. Ṣùgbọ́n láti ara irú àwọn ètò wọ̀nyí ni a ti mọ̀ pé ìdílé tí ó ń bẹ̀rẹ̀ ní àjò kò gbọdọ̀ la ilẹ̀ ju ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó lọ, àti pé ó gbọ́dọ̀ ní oúnjẹ ilé lóko kí ó tó máa ronú èrè ọjà. Bí ó bá jẹ́ pé 4 éékà ni ọwọ́ yín lè ro, ẹ má ṣe jẹ́ kí katakata yá yín lórí láti la 10.

KÒKÒRÒ FUNFUN INÚ Ẹ̀GẸ́

Àwọn tí ó dàgbà láàárín wa kò lè gbàgbé kòkòrò funfun bí ìyẹ̀fun tí ó máa ń ká orí ẹ̀gẹ́ kò. Ní àárín àwọn ọdún 1970 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ká Áfíríkà. Ní ilẹ̀ Kóńgò ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, ní nǹkan bí ọdún 1973. Láti ibẹ̀, ó rìn dé ọ̀dọ̀ wa. Ewé á ká jọ, ọ̀mùnú á rọ, gbòǹgbò kò ní tóbi. Oògùn wọ́n, àgbẹ̀ kékeré kò sì lè máa fín in títí.

Àwọn onímọ̀ tí wọ́n wà ní ilé ìwádìí ńlá ti ọ̀gbìn ní Ìbàdàn bi ara wọn ní ìbéèrè kan tí ó rọrùn: ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá, ǹjẹ́ kòkòrò yìí náà kò ti ibẹ̀ wá bí? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ni kò jẹ́ kí ó pa gbogbo ẹ̀gẹ́ ibẹ̀ run? Wọ́n wá a kiri, wọ́n sì rí i ní ilẹ̀ Paraguay. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí agbọ́n kékeré kan tí ó máa ń yé ẹyin rẹ̀ sínú ara kòkòrò náà, tí ọmọ agbọ́n á sì jẹ ẹ́ láti inú. Lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò pé kò ní ba nǹkan mìíràn jẹ́, wọ́n tú agbọ́n náà sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1981. Agbọ́n náà tàn kálẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ lọ láìgba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Hans Herren, ẹni tí ó ṣáájú iṣẹ́ náà, gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní ọdún 1995.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú èyí fún wa. Àkọ́kọ́, wọn kò sọ pé ayé ni ó dojú kọ ẹ̀gẹ́ àwọn. Ibi tí ìyọnu ti wá ni wọ́n kọ́kọ́ bèèrè. Ìdílé tí ó bá ti sọ pé ọwọ́ ọ̀tá ni, kò ní wo abẹ́ ewé mọ́. Èkejì, oore wà tí a kì í rí. Agbọ́n tí kò tó orí abẹ́rẹ́ púpọ̀ ti bá wa ṣọ́ ẹ̀gẹ́ láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ wa kò sì mọ̀ pé ó wà. Ẹni tí ó ń fi gààrí bọ́ ọmọ lónìí jẹ́ agbọ́n náà ní ọpẹ́, ó sì ní ìdí láti má ṣe máa fín oògùn kiri láìnídìí, torí oògùn kì í mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá.

ỌDÚN Ọ̀DÁ ÀTI ỌDÚN OMI

Ọ̀dá ńlá mú ní 1972 sí 1973, ó tún mú ní 1983, nígbà tí iná ìgbẹ́ jó ọ̀pọ̀ oko kòkó ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ìdàkejì, Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé kún bo oko àti ilé ní ọdún 2012, wọ́n sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2022. Ti 2022 gba ẹ̀mí tí ó lé ní 600 ní Nàìjíríà, ó sì lé ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé. A kò pe ẹ̀mí tí ó lọ ní ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kù ní láti mọ bí wọn yóò ṣe máa gbé lọ.

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe kó gbogbo irúgbìn sí ojú kan. Ẹ dá díẹ̀ sí òkè, kí ẹ dá díẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ní ọdún ọ̀dá, ti ìsàlẹ̀ á bọ́ yín. Ní ọdún omi, ti òkè á bọ́ yín. Ẹ la ààyè mọ́ yí oko ká kí ọyẹ́ tó mú, kí iná ìgbẹ́ má bàa wọlé. Ní etí odò, bí omi bá fà, ẹrẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ máa ń lọ́ràá. Àwọn onílé wa, àwọn Tápà, ti ń gbin ẹ̀fọ́ àti irè mìíràn sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ lọ bá wọn, kí ẹ kọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni kò lè kọ́ irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ bí yóò ṣe kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹni tí omi ti bá gbé.

ÀDÁNÙ KÉÉKÈÈKÉ OJOOJÚMỌ́

Ọ̀dá àti omi kì í dé lọ́dọọdún. Èyí tí ó ń jẹ wá jù ni àwọn àdánù kéékèèké tí a ti fi mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí a mú mẹ́rin nínú wọn.

Iṣu tí ó rà nínú àká. Lọ́pọ̀ ìgbà, ojú ọgbẹ́ ni ìrà ń gbà wọlé. Iṣu tí àdá kàn nígbà wíwà, tàbí tí a sọ kalẹ̀ láti orí, òun ni yóò kọ́kọ́ rà, yóò sì kó ran èkejì. Ẹ ya àwọn tí ó ní ọgbẹ́ sọ́tọ̀, kí ẹ kọ́kọ́ jẹ wọ́n tàbí kí ẹ tà wọ́n. Ẹ jẹ́ kí àká wà ní ibòòji, kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí i, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Iṣu kan tí ó rà ń kìlọ̀ fún yín nípa ogún tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àgbàdo tí ó hu èéfun. Ó túmọ̀ sí pé a tọ́jú rẹ̀ kí ó tó gbẹ. Ẹ wá ìgò gbígbẹ kan, kí ẹ da ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo sínú rẹ̀, kí ẹ fi iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ sí i, kí ẹ dé e, kí ẹ sì mì ín dáadáa. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi ṣì wà nínú àgbàdo náà. Ẹ dá a padà sí oòrùn. Bí iyọ̀ kò bá lẹ̀, ẹ lè kó o sí àká. Àgbàdo tàbí ẹ̀pà tí ó bá ti hu èéfun, ẹ má ṣe sè é fún ọmọ, kódà bí ó bá dùn yín láti dà á nù, nítorí oró kan máa ń wà nínú èéfun náà tí ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ẹ̀wà tí kòkòrò gún. Kòkòrò náà ń mí bí àwa náà ti ń mí. Ẹ fi ẹ̀wà gbígbẹ sínú kẹ́ẹ̀gì tàbí garawa tí ìdérí rẹ̀ ká dáadáa, tàbí sínú àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń tà báyìí, kí ẹ dí i pinpin. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tán nínú rẹ̀, kòkòrò á kú láìlo oògùn. Ẹ̀wà tí ẹ kò fi ìkánjú tà ní ọjọ́ ìkórè, nígbà tí owó rẹ̀ já wálẹ̀, ni yóò san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ lẹ́yìn náà.

Kòkòrò tí ń jẹ ọ̀mùnú àgbàdo. Èyí tí ó burú jù nínú wọn wọ Nàìjíríà ní ọdún 2016, láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó sì ti wá. Ẹni tí ó bá rí i nígbà tí ó ṣì kéré lè fi ọwọ́ mú un pa. Ẹni tí kò bá rí i títí tí ó fi tóbi, tí ó sì ti wọ inú ọ̀mùnú, oògùn gan-an kò ní fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Láti ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí àgbàdo bá ti hù ni kí ẹ ti máa wo ọ̀mùnú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ bá yín wò ó. Ojú wọn mú ju tiwa lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àìsàn tí ó dé ní ìgbà ìroko. Ibà lè dá baba ilé dúbúlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí koríko ń yára jù. Ẹni tí ó wà nínú ẹgbẹ́ àárọ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á bá a ro oko rẹ̀, òun náà á sì san án nígbà tí ara rẹ̀ bá yá. Ẹni tí ó ní òun kò nílò ẹnikẹ́ni, koríko ni yóò bá a jẹ. Ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ibà bá dé kí ẹ tó dá àárọ̀ sílẹ̀. Ẹ sì máa sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, pàápàá àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ àti aboyún.

ÌJÓKÒÓ ÌDÍLÉ LẸ́YÌN ÌKÓRÈ

Gbogbo ohun tí a ti ń wí, inú ìjókòó kan ni ó ń parí sí. Lẹ́yìn ìkórè kọ̀ọ̀kan, kí baba, ìyá, àti àwọn ọmọ tí ó ti tó ọkọ́ gbé jókòó ní alẹ́ kan. Kí ọmọ tí ó mọ̀wé mú ìwé kékeré kan dání. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni kí wọ́n dáhùn. Kí ni ó kù sí wa lọ́wọ́? Níbo ni a ti kọsẹ̀? Ta ni a jẹ ní ọpẹ́?

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ hàn. Ká sọ pé ìdílé kan kọ 1,000 ebè iṣu, tí iṣu 300 sì bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìbànújẹ́ nìkan ni wọ́n fi wò ó, wọn á ní iṣu kò ṣe ní ilẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kà á, wọ́n lè rí i pé 200 nínú rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ oko níbi tí omi ti dúró, àti pé 100 yòókù rà nínú àká nítorí ọgbẹ́. Iṣu 700 ti orí òkè kò ní àléébù kankan. Nítorí náà, ilẹ̀ náà gba iṣu. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kò gbà á. Ní ọdún tí ń bọ̀, wọn á gbin ìrẹsì sí ìsàlẹ̀, wọn á sì wa iṣu pẹ̀lú sùúrù. Ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ lé wọn lọ sílé ti di ètò ọdún mìíràn.

Kí gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ ìyá ilé ni ó mọ̀ pé owó irú òun ni ó ra iyọ̀ àti epo fún oṣù mẹ́ta. Ó yẹ kí baba sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ pé òun dúpẹ́. Ó lè jẹ́ ọmọ ni ó kọ́kọ́ rí kòkòrò. Ẹ yìn ín. Ọmọ tí wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú oko kì í sábà kánjú sá lọ sí ìgboro. Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe nínú ìjókòó náà ni kí a máa wá ẹni tí a ó di ẹ̀bi rù. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni kí á wá, kí á fi ẹni sílẹ̀.

Bí gbèsè bá sì ti wọlé, ẹ sọ ọ́ síta nínú ìjókòó náà. Gbèsè tí baba nìkan mọ̀ ni ó máa ń mú un ta irè tí ó ṣì wà nínú ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀. Èsúsú kékeré láàárín ìdílé mẹ́wàá sàn ju olówó èlé lọ. Bí ìbànújẹ́ bá sì wọ ènìyàn lára tó bẹ́ẹ̀ tí kò fẹ́ jẹun, tí kò lè sùn, tí kò sì fẹ́ rí ènìyàn, ẹ má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀; ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn bí ẹ ti ń mú ẹni tí ibà ń ṣe lọ.

ỌPẸ́ FÚN ẸNI TÍ Ó GBÀ WÁ SÍLẸ̀

Àwa tí a wà ní àjò kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn onílẹ̀. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Kí a tó gbé iṣu àkọ́kọ́ lọ sọ́jà, ẹ jẹ́ kí a gbé díẹ̀ lọ kí baálẹ̀ àti onílẹ̀. Bí a bá jẹ ìṣákọ́lẹ̀, kí a san án ní àsìkò. Bí ọdún kò bá sì dára, kí a lọ fúnra wa lọ ṣàlàyé kí wọ́n tó ránṣẹ́. Ẹni tí ó wá ṣàlàyé ní ọdún àdánù ni wọn á gbà gbọ́ ní ọdún ọ̀pọ̀. Bí màlúù bá wọ oko, ẹ pe baálẹ̀ àti olórí àwọn darandaran kí ẹnikẹ́ni tó fa àdá yọ. Ìbínú ọjọ́ kan lè gba ilẹ̀ tí sùúrù ogún ọdún fún wa.

KÍ ÒJÒ TÓ TÚN DÉ

Àkókò díẹ̀ ni ó kù kí àkọ́rọ̀ òjò tó bọ́. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ ra ìwé kékeré náà, kí ẹ sì ṣe ìjókòó yín. Ẹ kọ ohun tí ẹ gbìn, ọjọ́ tí ẹ gbìn ín, ọjọ́ tí òjò bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ó dá, àti ohun tí ẹ kó. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìwé náà á ti mọ ilẹ̀ yín ju àlejò èyíkéyìí lọ, títí kan àwa tí a ń kọ ìwé ìròyìn yìí. Ẹ tún àká ṣe, ẹ yan èbù tí kò ní ọgbẹ́, ẹ dá àárọ̀ pẹ̀lú aládùúgbò, kí ẹ sì kí onílẹ̀ yín.